Oṣó Láàárín Ẹgbẹ́: Àríwísí lórí Ìdọ́gba Agbára nínú Eré Dungeons & Dragons

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn tí ó ń ṣe eré Dungeons & Dragons bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ oṣó, ìṣirò ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Wọn a ka iye ọgbẹ́ tí ọfọ̀ rẹ̀ lè dá sí ọ̀tá lára, wọn a ka iye tí idà jagunjagun lè dá, wọn a fi èkíní wé èkejì, ìdájọ́ a sì jáde: oṣó lágbára jù, tàbí kò lágbára tó. Láti ọdún 1974 tí eré náà ti jáde ni irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n náà kò bá ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ̀n mu. Ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí lámèyítọ́ bi oṣó kí ó tó bi í léèrè iná tí ó ń jù. Ta ni ó ń pinnu ìgbà tí ẹgbẹ́ yóò dúró sinmi? Iṣẹ́ ta ni ọfọ̀ sì ń gbà ṣe?

Ó yẹ kí àlàyé ṣókí kọ́kọ́ wáyé lórí eré náà, nítorí pé kì í ṣe irú eré tí ayò tàbí lúdò jẹ́. Gary Gygax àti Dave Arneson ni ó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Tactical Studies Rules, tí ó wà ní ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Amẹ́ríkà, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974, nínú ìwé pẹlẹbẹ 3. Ènìyàn bí i 4 tàbí 5 a jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan nínú wọn ni adarí eré: òun ni ó ń sọ bí ihò ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀ ṣe rí, òun náà ni ó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀tá àti àlejò tí wọ́n bá pàdé. Akópa kọ̀ọ̀kan nínú àwọn yòókù ní ẹ̀dá-ìtàn kan tí ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí iyèméjì bá wà lórí ohun tí ẹ̀dá-ìtàn kan fẹ́ ṣe, dáìsì ni wọn a jù láti mọ̀ bí yóò ṣeé ṣe. Ìsọ̀rí ẹ̀dá-ìtàn 3 ni ó wà nínú ìwé 1974, èyí ni jagunjagun, àlùfáà àti oṣó. Olè dara pọ̀ mọ́ wọn nínú ìwé àfikún tí ó jáde ní 1975.

Oṣó ni iṣẹ́ yìí ń pe ẹ̀dá-ìtàn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu tán. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí wọ́n ń fura sí ni oṣó. Oṣó inú eré yìí kì í ṣe ẹni ibi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, tí ó ń gbé ìwé ọfọ̀ rẹ̀ kiri. Ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Láwùjọ Yorùbá, ẹni tí ó mọ ọfọ̀ kì í gbàgbé rẹ̀ nítorí pé ó ti pè é. Ohun tí ó lè dí i lọ́wọ́ ni èèwọ̀, tàbí kí ọ̀tá ní ẹ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ má mọ orúkọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohun tí ó fẹ́ ṣẹ́gun. Nínú eré tí à ń wí yìí, bí oṣó ayé àtijọ́ bá ti pe ọfọ̀ tán, ọfọ̀ náà ti parẹ́ lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, àfi bí ó bá sùn, tí ó jí, tí ó sì tún ṣí ìwé rẹ̀ láti há a sórí. Ibi ìgbàgbé yìí ni ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ti ṣẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ni ìdọ́gba wá fún nínú eré tí kò sí ẹni tí ó ń borí ẹnì kejì. Ìbéèrè náà tọ̀nà. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ihò 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì ní, ọmọ 4 ni ó sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìdọ́gba wà lójú ọpọ́n kedere, bí ẹnì kan bá sì pa ẹnì kejì, ọgbọ́n orí rẹ̀ ni. Nínú Dungeons & Dragons, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń tọ̀; bí oṣó bá ṣẹ́gun, jagunjagun náà ṣẹ́gun. Ohun tí wọ́n ń pín láàárín ara wọn ni ìtàn náà: ta ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kan bí yóò ṣe parí? Akópa tí ó jókòó fún wákàtí 3 tàbí 4, tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kò rí ohun kan ṣe tí ẹlòmíràn kò ti ṣe tán, ẹnikẹ́ni kò pa á láyò. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni kì í padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, kì í sì í ṣe pé inú bí wọn.

Ibi tí ìgbàgbé náà ti wá

Gygax kò fi orísun ètò ọfọ̀ yìí pamọ́. Nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà The Strategic Review ní 1976, ó tọ́ka sí àwọn ìtàn àròsọ Jack Vance gẹ́gẹ́ bí ibi tí òun ti mú un. The Dying Earth, tí ó jáde ní 1950, ni a kọ́kọ́ ti rí ètò náà. Ayé ti gbó nínú ìwé yìí, oòrùn ti ń kú lọ, ọfọ̀ tí ó sì kù lọ́wọ́ ọmọ aráyé kò ju díẹ̀ lọ lé ní 100. Oṣó kan tí ń jẹ́ Mazirian ní 73 nínú wọn níkàáwọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó fún ọpọlọ rẹ̀, 4 péré nínú àwọn tí ó lágbára, tàbí 6 nínú àwọn tí ó kéré, ni orí rẹ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó ń lépa obìnrin kan wọ inú igbó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń ná ọfọ̀ wọ̀nyí, bí ó sì ti ń ná wọn ni ọkàn òǹkàwé ń fò sókè. Ọgbọ́n ìtàn sísọ tí ó dára ni. Ọ̀wọ́n ọfọ̀ ni ó ń mú kí ìtàn náà dun-ún kà.

Ohun tí àwọn lámèyítọ́ eré kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ni pé Mazirian dá wà. Kò sí jagunjagun tí ó ń tẹ̀ lé e, kò sí olè tí ó ń bá a ṣí ìlẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tí ó ń dúró dè é bí ó bá ní òun fẹ́ lọ sùn kí òun lè tún ọfọ̀ kọ́. Bí ọfọ̀ bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, orí ara rẹ̀ nìkan ni ewu ń bọ̀ sí. Nígbà tí Gygax àti Arneson gbé ètò yìí wá sórí tábìlì, wọ́n gbé ọ̀wọ́n náà sáàárín ẹgbẹ́ ènìyàn 4 tàbí 5, wọ́n sì fi í lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yípadà. Ọfọ̀ tí ó tán lọ́wọ́ oṣó kì í ṣe ewu tirẹ̀ nìkan mọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ni kò lè tẹ̀ síwájú. Jagunjagun tí ara rẹ̀ ṣì le, tí idà rẹ̀ kò kú, yóò jókòó sí ẹnu ihò ilẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí pé ẹnì kan ti gbàgbé ohun tí ó mọ̀ ní àárọ̀.

Ìyà àárọ̀, ìgbádùn alẹ́

Ìdáhùn tí ó pẹ́ jù lọ sí ẹ̀sùn pé oṣó lágbára jù ni pé ó ti jìyà tirẹ̀ ṣáájú. Àwọn tí ó gbà bẹ́ẹ̀ a ní oṣó ìpele kìíní kò yàtọ̀ sí ọmọ ọwọ́, pé bí ó bá yè é, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni agbára tí ó ní nígbẹ̀yìn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé òfin 1978, dáìsì olójú 4 ni oṣó ń jù láti mọ òǹkà ẹ̀mí rẹ̀, nígbà tí jagunjagun ń ju olójú 10. Méjì àbọ̀ ni ìpíndọ́gba ti oṣó. Márùn-ún àbọ̀ ni ti jagunjagun. Idà kúkúrú kan tó láti pa á. Ọfọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní fún odindi ọjọ́. Bí ó bá mú ọfọ̀ oorun, ó lè mú ọ̀tá kéékèèké tí ó tó 4 sí 16 sùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí dáìsì tí wọ́n lè jù láti yẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú ńlá ni ìṣẹ́jú náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ẹni tí ó ń gbé fìtílà fún àwọn yòókù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí a bá yẹ ìwé náà wò dáadáa, ìgbèjà yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí wọ́n ti rò. Wọ́n sọ pé máàkì ìrírí tí oṣó nílò kí ó tó gòkè ni ó ń dá a dúró. Lóòótọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀, 2,501 ni yóò fi dé ìpele 2, nígbà tí 2,001 tó fún jagunjagun, tí 1,251 sì tó fún olè. Ṣùgbọ́n kí lámèyítọ́ ka tábìlì náà lọ sísàlẹ̀. Oṣó dé ìpele 7 pẹ̀lú 60,001. Jagunjagun kò ní dé ibẹ̀ títí yóò fi ní 70,001. Oṣó dé ìpele 9 pẹ̀lú 135,001, jagunjagun nílò 250,001. Èyí ni pé láàárín ọ̀nà, níbi tí ọfọ̀ ti ń pọ̀ sí i tí ó sì ń le sí i, òfin kan náà tí wọ́n ní ó ń dá oṣó dúró ni ó ń tì í síwájú. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tí ó ń fi ẹnu sọ òfin yìí kò mẹ́nu ba apá ibẹ̀. Ìpele kìíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí, nítorí ibẹ̀ ni ó ti dùn wọ́n.

Bí tábìlì máàkì náà bá tilẹ̀ tọ́, ìdọ́gba tí wọ́n ń sọ kò ní jẹ́ ìdọ́gba síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè lo ọdún kan kí wọ́n tó kúrò ní ìpele kéékèèké. Ẹni tí ó ń ṣe oṣó yóò fi ọdún náà jókòó, ẹni tí ó ń ṣe jagunjagun yóò fi ọdún tí ó tẹ̀ lé e jókòó. Wọ́n pín ìyà náà dọ́gba láàárín ọdún méjì, ṣùgbọ́n kò sí alẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì jọ ṣeré.

Iye tí wákàtí jẹ́

Ohun kan wà nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí ó dára ju ìgbèjà tí wọ́n ń ṣe fún un lọ, òun náà sì ni iye àkókò. Ní 1978, kíkọ́ ọfọ̀ ń gba ìṣẹ́jú 15 fún ìpele ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí oṣó bá ti sùn tó. Oṣó ìpele 9 ní ọfọ̀ ìpele kìíní 4, ìkejì 3, ìkẹta 3, ìkẹrin 2 àti ìkarùn-ún 1. Bí ó bá ti ná gbogbo rẹ̀ tán, wákàtí 8 gbáko ni yóò fi ka ìwé kí wọ́n tó padà sórí rẹ̀. Bí oorun bá kún un, ọjọ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè ṣe èyí lójoojúmọ́ nínú ihò tí ọ̀tá ń gbé. Nítorí náà, oṣó ọlọ́gbọ́n a máa há ọfọ̀ rẹ̀ mọ́wọ́, a sì máa bẹ jagunjagun kí ó ṣíwájú. Ní àfikún, bí ọ̀tá bá gbá oṣó nígbà tí ó ń pe ọfọ̀ lọ́wọ́, ọfọ̀ náà ti ṣòfò nìyẹn. Ẹni tí yóò dúró síwájú rẹ̀ di dandan.

Ìtàn àwọn ìwé òfin tí ó tẹ̀ lé èyí jẹ́ ìtàn bí wọ́n ṣe ń dín owó ọjà kù tí ọjà kò sì dínkù. Ní 2000, nígbà tí ìwé òfin kẹta jáde, wákàtí kan péré ni oṣó fi ń tún gbogbo ọfọ̀ rẹ̀ kọ́, ohun yòówù kí iye wọn jẹ́. Máàkì ìrírí kan náà ni gbogbo ìsọ̀rí ń lò. Bí wọ́n bá gbá a nígbà tí ó ń pe ọfọ̀, ó lè ju dáìsì kí ọfọ̀ náà má baà ṣòfò. Ní 2014, dáìsì òǹkà ẹ̀mí rẹ̀ ti di olójú 6, ó sì ní ọfọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ tí kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Gbogbo àyè ọfọ̀ rẹ̀ a padà bí ó bá ti sinmi fún wákàtí 8, tí gbogbo ẹgbẹ́ náà ń sinmi. Ìṣẹ́jú kan fún ìpele ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó sì kù tí yóò fi yan èyí tí ó fẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyípadà yìí yé ènìyàn: ohun tí wọ́n yọ ń dun ẹni tí ó ń ṣe oṣó. Kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni láti gbé fìtílà. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń yọ ìyà, wọn kò bi ara wọn pé kí ni ìyà náà ń ràn lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé wọ́n dá owó díẹ̀ padà sórí ọjà náà. Láti 1989 ni wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí ọfọ̀ iná, tí dáìsì rẹ̀ kò lè ju 10 lọ mọ́. Ìwé 2014 sì ṣe òfin ìpọkànpọ̀, èyí tí ó dára púpọ̀: oṣó kò lè di ọfọ̀ méjì tí ó gba ìpọkànpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n bá sì gbá a, èyí tí ó dì mú lè bọ́. Òfin yìí tún jagunjagun fi ṣe ẹni tí ó ní ìdí láti dúró síwájú. Kò kan ọ̀rọ̀ àkókò ṣá.

Ọjọ́ kan lẹ́nu ìṣirò

Níwọ̀n ìgbà tí àwọn aṣèdájọ́ fẹ́ràn ìṣirò, ó tọ́ kí ìṣirò kan wáyé láti fi hàn bí àkókò ṣe ń yí ìdájọ́ padà. Kí ó jẹ́ ìwé 2014 ni a mú, kí jagunjagun àti oṣó jọ wà ní ìpele 5. Kí ó jẹ́ pé ogun kọ̀ọ̀kan gba ìyípo 3, pé kò sí idà tí ó tàsé, pé kò sí ọ̀tá tí ó yẹ ọfọ̀, àti pé ọfọ̀ iná ń mú ọ̀tá 3 lẹ́ẹ̀kan. Ayé kò rí bẹ́ẹ̀, dáìsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò fi ọ̀nà hàn.

Jagunjagun tí ó mú idà ńlá dání, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 18, ń ṣá ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìpíndọ́gba ọgbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 22. Lẹ́yìn ìsinmi kúkúrú kọ̀ọ̀kan, ó tún lè ṣe iṣẹ́ ìyípo méjì nínú ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Oṣó ní àyè ọfọ̀ 9: ìpele kìíní 4, ìkejì 3, ìkẹta 2. Ó lè gba ọ̀kan nínú ti ìkẹta padà nígbà ìsinmi kúkúrú. Ọfọ̀ iná rẹ̀ ń dá ọgbẹ́ 28 sí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan lára, èyí ni 84 fún ọ̀tá 3. Ọfọ̀ ogun ìpele kejì ń mú 21 wá, ti ìkíní ń mú 10 àti ààbọ̀, pẹ́pẹ̀pẹ́ ń mú 11.

Bí ogun kan ṣoṣo bá wà lọ́jọ́ náà, jagunjagun yóò dá ọgbẹ́ 88. Oṣó yóò ju iná lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi ọfọ̀ ìpele kejì kan tì í, àpapọ̀ rẹ̀ a sì jẹ́ 189. Oṣó ju ìlọ́po méjì jagunjagun lọ. Bí ogun 6 bá wà, tí wọ́n sì sinmi kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì láàárín wọn, jagunjagun yóò dá 462. Oṣó yóò ná gbogbo àyè rẹ̀, yóò fi pẹ́pẹ̀pẹ́ kún ìyípo 8 tí ó ṣẹ́kù, yóò sì dá 445. Ẹ̀dá-ìtàn méjì kan náà ni, ohun ìjà kan náà, ìwé òfin kan náà. Iye ogun tí ó wà láàárín àárọ̀ àti alẹ́ nìkan ni ó yàtọ̀.

Àwọn tí ó kọ ìwé náà mọ èyí. Nínú ìwé adarí eré ti 2014, wọ́n kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ lè kojú ogun bí i 6 sí 8 lóòjọ́, bí wọn kò bá rọrùn jù tí wọn kò sì le jù. Ìdọ́gba tí wọ́n ṣe wà nínú gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kan tí ó fi tipá mú ẹgbẹ́ dé ibẹ̀. Bí àyè ọfọ̀ bá ti tán lẹ́yìn ogun kejì, oṣó a ní kí wọ́n wá ibi fara pamọ́ sí kí wọ́n sùn. Jagunjagun tí ó bá kọ̀ yóò wọ ogun kẹta láìsí oṣó, ìyẹn kò sì bọ́gbọ́n mu. Àwọn akópa fúnra wọn ti fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iṣẹ́ oníṣẹ́jú 15. Yẹ̀yẹ́ náà kò kan ọ̀lẹ. Ẹgbẹ́ tí ó ń sùn lẹ́yìn ogun kan ń ṣe ohun tí òfin kọ́ wọn pé ó dára jù.

Ìlẹ̀kùn olè

Gbogbo ìṣirò òkè yìí, ọgbẹ́ ni ó kà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mú ọgbẹ́ dọ́gba délẹ̀délẹ̀, apá kejì ọ̀rọ̀ náà ṣì wà, olè ni ó sì mọ̀ ọ́n jù. Ní 1978, olè ìpele kìíní ní ànfààní 25 nínú 100 láti ṣí àgádágodo. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, òun ni ó fi di ẹ̀dá-ìtàn. Oṣó tí ó ti dé ìpele 3 lè kọ́ ọfọ̀ kan tí ó ń ṣí ìlẹ̀kùn, kò sì ní ju dáìsì kankan. Ìlẹ̀kùn a ṣí. Ọfọ̀ mìíràn ń sọ ènìyàn di àìrí, òmíràn ń jẹ́ kí ó rìn lára ògiri bí aláǹtakùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré. Bí a bá kó wọn jọ, ìsọ̀rí ẹ̀dá-ìtàn kan odindi ni wọ́n, oṣó sì ń gbé e sínú àpò gẹ́gẹ́ bí àfikún.

Àwọn tí ó ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ (1938) yóò rántí pé Àkàrà-ògùn kò ṣe aláìní oògùn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, oògùn rẹ̀ kò gba kùmọ̀ lọ́wọ́ Kàkó, kò sì gba orin lẹ́nu Olóhùn-iyọ̀. Òǹkọ̀wé kan ṣoṣo ni ó ń pín iṣẹ́ fún wọn, ó sì rọrùn fún un. Lórí tábìlì, ẹni tí ó di Kàkó mú yàtọ̀ sí ẹni tí ó di Àkàrà-ògùn mú, kò sì sí Fágúnwà níbẹ̀.

Ohun tí ìwé 2014 ṣe sí ọfọ̀ ìlẹ̀kùn yẹ fún ìyìn, àwọn tí ó sì ń kà á kíákíá lè má kíyè sí i. Ìlẹ̀kùn ṣì ń ṣí láìsí dáìsì, ṣùgbọ́n ariwo kan a dún tí wọ́n lè gbọ́ láti ibi tí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 300. Wọn kò bu agbára ọfọ̀ náà kù rárá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sílẹ̀ fún olè. Bí ẹgbẹ́ bá dé ẹnu ọ̀nà báyìí, wọ́n ní láti jíròrò: ṣé ẹ̀ṣọ́ wà nítòsí, ṣé wákàtí wà láti dúró de olè, ṣé kí oṣó fọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú kan? Ènìyàn méjì ti ní ohun tí wọ́n lè sọ níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé irú ọwọ́ yìí ni wọ́n fi mú ọfọ̀ fífò àti ọfọ̀ àìrí, àríwísí yìí ì bá kúrú.

Ìgbìyànjú 2008 àti ìdáhùn pé adarí eré yóò tún un ṣe

Ìwé òfin kẹrin, tí ó jáde ní 2008, ni ó gbìyànjú jù lọ láti parí ìjà yìí. Ó fún gbogbo ìsọ̀rí ní ìlànà kan náà: iṣẹ́ tí kì í tán, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ogun kọ̀ọ̀kan, àti iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Jagunjagun ní wọn, oṣó ní wọn. Ọfọ̀ tí kì í ṣe ti ogun, bí i ti ìlẹ̀kùn, ni wọ́n yà sọ́tọ̀, wọ́n sì mú kí ó gba àkókò àti owó. Bí ìdọ́gba bá jẹ́ ohun tí ó wà lójú ọpọ́n, ìwé yìí ṣe é yọrí ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ akópa kò sì fẹ́ ẹ. Wọ́n sọ pé gbogbo ẹ̀dá-ìtàn ti di ọ̀kan náà, pé aṣọ ni ó yàtọ̀. Ìkùnsínú yìí ní ìdí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ẹni tí ó ń kùn. Ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ oṣó ni ọ̀wọ́n Vance àti ọlá tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó bọ́ sọ́wọ́ jagunjagun ni pé fún ìgbà àkọ́kọ́, òun náà ní ohun tí ó lè ná, tí ó lè há mọ́wọ́, tí ó sì lè tán. Àwọn tí ó dá ìwé náà lẹ́bi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn jagunjagun.

Ìdáhùn kan kù, òun ni wọ́n sì ń sọ jù lọ lónìí: pé adarí eré tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí oṣó sùn nígbà tí ó bá wù ú. Yóò rán ọ̀tá wá lóru, yóò fi gbèdéke sí iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe, yóò mú kí ọba tí wọ́n fẹ́ gbà là máa kú lọ. Ọgbọ́n tí ó dára ni wọ̀nyí. Wọn kì í ṣe ìgbèjà fún ìwé. Bí télọ̀ bá rán ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè ká a sókè kí ó sì rìn dáadáa. Télọ̀ kò lè tọ́ka sí kíká náà kí ó ní òun mọ aṣọ í rán. Adarí eré ọ̀dọ́mọdé, tí ìwé náà jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, tí ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ 4 jọ ní alẹ́ Sátidé, kò mọ̀ pé òun ni ó yẹ kí òun ka ogun dé 6. Ohun tí yóò rí ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ti ń wo fóònù.

Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ dá ẹjọ́ oṣó, ì báà jẹ́ nínú ìwé 1978, ì báà jẹ́ nínú èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2024, lè fi ìṣirò ọgbẹ́ sílẹ̀ fún alẹ́ kan. Kí ó mú bébà, kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kí ó sì kọ ohun méjì sílẹ̀: orúkọ ẹ̀dá-ìtàn tí ó kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n dúró sùn, àti iye ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ ju dáìsì tí ẹlòmíràn ní kí ó má wulẹ̀ ṣe wàhálà, pé òun ní ọfọ̀ rẹ̀.